Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìtàn Sáfà Abẹ́lé

Sáfà abẹ́lé ni sáfà wẹ́ẹ̀bù, ìyẹn ètò tó ń dá búráúsà lóhùn, tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń kọ ètò náà gan-an. Ẹni náà á ṣí tẹ́mínà, ìyẹn fèrèsé dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí láìfọwọ́ kan máòsì. Á wọ inú fódà iṣẹ́ rẹ̀, á tẹ àṣẹ kúkúrú kan bíi `php -S localhost:8000`, á sì tẹ Enter. Ìlà kan tàbí méjì á jáde pé sáfà ti dìde, lẹ́yìn náà tẹ́mínà á dákẹ́ rọ́rọ́, kò ní gba àṣẹ mìíràn mọ́, torí ó ti di aṣọ́nà. Bí ẹni náà bá wá kọ àdírẹ́sì localhost:8000 yẹn sínú búráúsà, iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ á yọ sí i bí ìkànnì tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tipẹ́. Gbogbo ìgbà tí búráúsà bá béèrè nǹkan ni ìlà tuntun á máa hàn nínú tẹ́mínà: orúkọ ohun tó béèrè àti nọ́ńbà èsì rẹ̀, 200 bó bá wà níbẹ̀, 404 bí kò bá sí, 500 bí ètò náà bá dojú dé. Tó bá di Ctrl mú tó sì tẹ C, sáfà kú nìyẹn.

Fáìlì HTML lásán kò nílò gbogbo èyí. A lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí búráúsà ṣí i. Ṣùgbọ́n búráúsà kò gbọ́ èdè PHP. Bó bá bá a nínú fáìlì, yóò kàn da kóòdù náà sójú bí ọ̀rọ̀ lásán ni. Bó bá sì jẹ́ fáìlì JavaScript tó ń pe òmíràn wọlé, búráúsà kò ní gbà fún un, nítorí òfin ààbò rẹ̀ kò fọkàn tán ohun tí kò gba ọwọ́ sáfà kọjá. Ojú ìwé ìwọlé tó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, apẹ̀rẹ̀ ọjà tó ń ka iye tí oníbàárà mú, gbogbo ohun tó bá ń yí padà fún ẹni tó ń wò ó, sáfà ló ń se é kó tó bù ú fún búráúsà. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò kó tó gbé e lọ sójà gbọ́dọ̀ ní ìdáná tirẹ̀ nílé.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé sáfà ńláńlá tó wà lọ́nà jíjìn ló kọ́kọ́ wà, kí ti abẹ́lé tó tẹ̀lé e. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Orí tábìlì ẹni tó kọ ọ́ ni sáfà wẹ́ẹ̀bù àkọ́kọ́ láyé wà. Ní ìparí ọdún 1990, Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí ìmọ̀ físíìsì lẹ́bàá ìlú Geneva ní Switzerland, kọ búráúsà àti sáfà sórí kọ̀ǹpútà NeXT kan ṣoṣo. Búráúsà ń béèrè, sáfà ń dáhùn, inú àpótí dúdú kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń gbé. Ìbéèrè náà kò ju ìlà kan lọ nígbà yẹn: ọ̀rọ̀ GET, àlàfo kan, lẹ́yìn náà orúkọ ojú ìwé. Sáfà á kó ojú ìwé náà jáde, á sì já okùn.

Nígbà tí àwọn ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé láti orí ẹ̀rọ yẹn, ìṣòro kan yọjú tí kò ní í ṣe pẹ̀lú kóòdù rárá. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá lè pa á. Bébà kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí pé sáfà ni ẹ̀rọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Bébà náà ṣì wà lára rẹ̀ títí dòní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ya. Ohun tó sọ ju ìkìlọ̀ lọ: kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ àti kọ̀ǹpútà tó ń dá aráyé lóhùn kò tíì pínyà. Ìpínyà yẹn ń bọ̀ lọ́nà, yóò sì gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún rí ọ̀nà mú wọn padà sábẹ́ òrùlé kan.

Kí kọ̀ǹpútà tó lè bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tí yóò fi pe ara rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ti wà kí wẹ́ẹ̀bù tó dé. Ní oṣù Kọkànlá 1986, Joyce Reynolds àti Jon Postel ní Yunifásítì Southern California tẹ ìwé RFC 990 jáde, ìwé tó to gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n ti pín lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹẹsẹ. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ya 127 sọ́tọ̀: ohunkóhun tí a bá fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 127 kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ẹ̀rọ tó rán an. Àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ 127 jẹ́ 16,777,216. Ọ̀kan péré, 127.0.0.1, ni gbogbo ayé ń lò. Àfi bí ẹni tó ra odindi àdúgbò tó wá ń gbé yàrá kan. Orúkọ tí wọ́n ń pe yàrá náà ni localhost, nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ìlà kan nínú fáìlì hosts ló sì so orúkọ mọ́ nọ́ńbà. Iṣẹ́ tí a bá rán sí ibẹ̀ kì í dé wáyà, kì í dé Wi-Fi. Ètò tó ń darí ẹ̀rọ á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, á sì yí i padà sínú ilé. Ìdí nìyẹn tí sáfà abẹ́lé kì í fi í jẹ dátà.

Ó ku nọ́ńbà kejì, èyí tó máa ń tẹ̀lé kólọ́ọ̀nù. Pọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀kùn ni. Kọ̀ǹpútà kan lè ní àdírẹ́sì ẹyọ kan, kí ètò mẹ́wàá máa dáhùn níbẹ̀, kálukú lẹ́nu ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ní oṣù Keje 1992, ìwé RFC 1340 kọ 80 sílẹ̀ fún wẹ́ẹ̀bù. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ẹ̀yà Unix tiwọn ní Yunifásítì California ní Berkeley ti fi òfin lélẹ̀ tipẹ́ pé gbogbo ilẹ̀kùn tó wà nísàlẹ̀ 1024, ọ̀gá ẹ̀rọ nìkan, ìyẹn root, ló lè ṣí i. Ọ̀gbọ́n wà nínú òfin náà láyé ìgbà tí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ń pín ẹ̀rọ kan lò. Ó dáàbò bo gbogbo wọn lọ́wọ́ ọmọ kan tó lè lọ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn gbàgede kó máa gba lẹ́tà onílẹ́tà. Ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá, tó kàn fẹ́ dán ìkànnì tirẹ̀ wò, á wá ilẹ̀kùn mìíràn lókè. Wọ́n kọ 80 lẹ́ẹ̀mejì, ó di 8080. Àwọn kan fi òdo méjì mọ́ 80, ó di 8000. Òfin Berkeley yẹn ló fi nọ́ńbà gígùn wọ̀nyí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì fojú kan Unix rí.

Lọ́dún 1993, Rob McCool kọ sáfà NCSA httpd ní Yunifásítì Illinois ní Urbana-Champaign. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbé CGI kalẹ̀, ọ̀nà tí sáfà ń gbà ké sí ètò mìíràn pé kó bá òun se ojú ìwé kan lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí McCool kúrò níbẹ̀ ní 1994, kò sí ẹni tó ń tún sáfà náà ṣe mọ́, àwọn tó ń lò ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀mọ́, ìyẹn àtúnṣe kéékèèké tí kálukú ṣe, ránṣẹ́ síra wọn. Ní oṣù Kejì 1995, mẹ́jọ nínú wọn kó ìlẹ̀mọ́ náà jọ, wọ́n di ẹgbẹ́, wọ́n sì pe sáfà wọn ní Apache. Kó tó pé ọdún kan àbọ̀, òun ló ti gba ipò kìíní láyé. Ọdún 1995 yìí kan náà ni Rasmus Lerdorf gbé PHP jáde.

Ìpínyà ti dé báyìí. Apache jẹ́ sáfà tí a ń fi ọwọ́ tò, fáìlì ètò rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó sì fẹ́ ẹ̀rọ Unix tí iná kì í kú lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ ìkànnì ló ń lo Windows nílé, sáfà wọn sì wà ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún lókè òkun. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: wọ́n á kọ fáìlì nínú Notepad, wọ́n á fi FTP gbé e lọ sórí sáfà, wọ́n á ṣí búráúsà wò ó, wọ́n á rí àṣìṣe, wọ́n á padà sí Notepad. Sẹmikólọ́ọ̀nù kan tó bọ́ lè sọ gbogbo ìkànnì di funfun báláú, ojú oníbàárà ni yóò sì ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe kọ̀rọ̀. Ní kàfé íntánẹ́ẹ̀tì Èkó tàbí Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, níbi tí wọ́n ti ń ra àkókò ní wákàtí, àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá gbọ́n á kó àtúnṣe jọ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, á wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì máa gbàdúrà.

Jámánì ni ìrọ̀rùn ńlá kan ti wá. Ní 1998, Michael Kunze ti fi orúkọ LAMP pe Linux, Apache, MySQL àti PHP pọ̀ nínú ìwé ìròyìn c't. Ní 2002, Kai Seidler àti Kay Vogelgesang tí wọ́n dá Apache Friends sílẹ̀ di Apache, MySQL àti PHP sínú ìdì kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows pẹ̀lú, èyí tí a wá mọ̀ sí XAMPP. A ó fi í sórí ẹ̀rọ, a ó tẹ Start lẹ́gbẹ̀ẹ́ Apache, a ó kó fáìlì wa sínú fódà htdocs, ó parí. Nínú ọgbà yunifásítì ní Nàìjíríà, orí fúláàṣì ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ pàdé XAMPP, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, torí pé ìdì náà tóbi ju dátà akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Fún odindi ìran kan tó kọ́ PHP níbẹ̀, sáfà abẹ́lé kò ní orúkọ mìíràn ju XAMPP lọ.

Ó ní wàhálà tirẹ̀. Ilẹ̀kùn 80 ni Apache inú XAMPP máa ń fẹ́, Skype ìgbà yẹn, ètò tí wọ́n fi ń pe ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà sì fẹ́ràn láti jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣí Skype ṣáájú á máa tẹ Start títí, Apache á tàn, á tún kú. Kò sí ohun tó wé mọ́ ara wọn láàárín ìpè fóònù àti ìkànnì tí ọmọ náà ń kọ, nítorí náà kò ní ronú kàn án. Á yọ XAMPP kúrò, á tún un fi sí i, kò ní yí padà. Yàtọ̀ sí èyí, XAMPP ṣì jẹ́ sáfà ńlá tí wọ́n gbé wọ yàrá kékeré. Iṣẹ́ mẹ́wàá ń pín Apache kan lò, ètò ọ̀kan sì lè ba ti èkejì jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá ni ọdún 2004 àti 2005. Ohun tó tẹ̀lé e lẹ́yìn náà, títí kan àwọn tí ariwo wọn pọ̀ jù, àtúnṣe sí ìpìlẹ̀ yìí ni. Èrò tuntun náà ni pé kí irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ìkànnì gbé sáfà tirẹ̀ lọ́wọ́ wá. Ní oṣù Keje 2004, David Heinemeier Hansson, ọmọ Denmark, gbé Ruby on Rails jáde. Kò kọ sáfà tuntun fún un. Àwọn ará Japan méjì, Masayoshi Takahashi àti Yuuzou Gotou, ti fi èdè Ruby kọ WEBrick, ó sì ti ń bá Ruby 1.8 wá láti 2003. Rails kàn fi àṣẹ kan pè é ni: `ruby script/server`. Kò sí fáìlì ètò láti tò, kò sí Apache. Ilẹ̀kùn 3000 ló yàn. Fódà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ní sáfà tirẹ̀, tó ń dìde tó sì ń kú pẹ̀lú rẹ̀.

Lọ́dún kejì, ọ́fíìsì ìwé ìròyìn kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ló kàn. Lawrence Journal-World ni ìwé ìròyìn náà. Ibẹ̀ ni Adrian Holovaty àti Simon Willison ti bẹ̀rẹ̀ Django, irinṣẹ́ ìkànnì lédè Python, ní 2003, níbi tí olóòtú ti lè béèrè ìkànnì tuntun láàárọ̀ kó sì fẹ́ ẹ kó tó di alẹ́. Oṣù Keje 2005 ni wọ́n fún aráyé. Àṣẹ tí wọ́n fi ń gbé sáfà rẹ̀ dìde ni `python manage.py runserver`, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ni 8000.

Ohun kan wà nínú runserver tó yẹ ká fojú súnmọ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń ṣọ́ fáìlì Python tó wà nínú iṣẹ́ náà. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan-kan, á yẹ aago tó wà lára fáìlì kọ̀ọ̀kan wò, ìyẹn àkókò tí wọ́n fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, sáfà á pa ara rẹ̀, á tún dìde pẹ̀lú kóòdù tuntun. Ẹni tó ń kọ̀wé kò ní mọ̀ pé ó kú rárá. Ó tẹ Ctrl àti S láti fi iṣẹ́ pamọ́, ó yíjú sí búráúsà, àtúnṣe ti wà níbẹ̀. Láti ìgbà FTP tí ó ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan láti rí àbájáde ìlà kan, ó ti di ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kóòdù tuntun náà bá ní àṣìṣe, sáfà kò ní pa á mọ́ bí ti gbàgede ṣe ń ṣe. Á kó gbogbo ìdí rẹ̀ jáde sójú búráúsà, orúkọ fáìlì, nọ́ńbà ìlà, ohun tó wà nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan nígbà tó ṣubú.

Àwọn tó kọ Django mọ̀ pé ohun tó dùn báyìí lè ṣi èèyàn lọ́nà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlò wọn ní lẹ́tà ńlá pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé sáfà yìí lọ síta fún aráàlú, torí pé wọn kò dán ààbò rẹ̀ wò, iṣẹ́ tiwọn sì ni láti ṣe irinṣẹ́ ìkànnì, sáfà kọ́. Títí di Django 1.4 ní oṣù Kẹta 2012, ẹnì kan ṣoṣo ni runserver ń dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni kejì á tò sẹ́yìn. Nílé, èyí kò dun ẹnikẹ́ni, torí olówó rẹ̀ nìkan ló ń kanlẹ̀kùn.

Python fúnra rẹ̀ ti ní sáfà kékeré kan lápò látijọ́. Nígbà tí Python 2.4 jáde ní ìparí oṣù Kọkànlá 2004, ó mú àmì `-m` wá, tí a fi ń pe ohun tó wà nínú àpò yẹn tààrà láti tẹ́mínà. Báyìí ni `python -m SimpleHTTPServer` ṣe di àṣẹ tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sórí. Ní Python 3, oṣù Kejìlá 2008, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí `http.server`. Kò mọ PHP, kò mọ dátábéèsì. Ó kàn ń pín fáìlì inú fódà ni. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ olùkọ́ fẹ́ràn rẹ̀, torí pé lẹ́yìn Python fúnra rẹ̀ kò gba ìfisórí ẹ̀rọ kankan.

Ó ya ni lẹ́nu pé PHP, tí gbogbo ayé fi ń kọ ìkànnì, ló pẹ́ jù. Ọdún 1995 ni wọ́n gbé e jáde, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2012 ni PHP 5.4 tó mú `php -S` wá. Gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀yìn Apache ló sábà ń gùn. Sáfà tuntun náà kò fẹ́ ìtòjọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, èyí sì máa ń ta àwọn tí kò fura. Bí ojú ìwé kan nínú iṣẹ́ náà bá tún pe ojú ìwé mìíràn lórí sáfà kan náà, gbogbo rẹ̀ á dúró gbagidi: ìbéèrè àkọ́kọ́ ń retí èkejì, èkejì ń retí kí àkọ́kọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó dà bí ẹni tó wà nínú ilé tó ń kan ilẹ̀kùn ilé náà, tó sì ń retí ara rẹ̀ kó wá ṣí i.

Ní oṣù Kọkànlá 2009, Ryan Dahl fi Node.js han àwọn èèyàn ní ìpàdé kan ní Berlin. Pẹ̀lú rẹ̀, JavaScript jáde kúrò nínú búráúsà ó sì di èdè sáfà. Ìlà kóòdù díẹ̀ tó láti fi gbé sáfà dìde, ẹnikẹ́ni sì lè kọ tirẹ̀. Ó tún sọ iṣẹ́ sáfà abẹ́lé di méjì. Tẹ́lẹ̀, ohun tó wà ní fódà ló ń bù fún búráúsà. Ní báyìí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún un sè. Webpack tí Tobias Koppers bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 2012 ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún fáìlì JavaScript jọ sínú ẹyọ kan, sáfà rẹ̀ sì ń di okùn mú pẹ̀lú búráúsà láì já a. Bí fáìlì kan bá yí padà, sáfà á ti ègé yẹn nìkan gba orí okùn náà, búráúsà á sì pààrọ̀ rẹ̀ láì tún ojú ìwé ṣí. Fọ́ọ̀mù tí ẹni náà ti kún dé ìdajì ṣì wà bó ṣe wà, àwọ̀ bọ́tìnì nìkan ló yí.

Bí iṣẹ́ ṣe ń tóbi, àkójọ yìí ń fà, títí àwọn tó bá tẹ àṣẹ láàárọ̀ fi ń lọ po tíì kí sáfà tó dìde. Evan You, ẹni tó kọ irinṣẹ́ JavaScript tó ń jẹ́ Vue, gbé Vite jáde ní 2020. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ó túmọ̀ sí kíákíá. Ó ti rí i pé búráúsà ìgbà yẹn ti lè pe fáìlì JavaScript lọ́kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, nítorí náà kò kó wọn jọ mọ́. Èyí tí búráúsà bá béèrè ló ń sè. Láti Vite 3 ní oṣù Keje 2022, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ 5173. Eré ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀: 5 ni V nínú nọ́ńbà àwọn ará Róòmù, 1 jọ I, 7 jọ T, 3 jẹ́ E tí wọ́n yí ojú rẹ̀ padà.

Ilẹ̀kùn kì í ṣàìfa ìjà. Ilẹ̀kùn 5000 ni Flask, irinṣẹ́ ìkànnì tí Armin Ronacher kọ ní 2010, ń lò. Nígbà tí Apple gbé macOS Monterey jáde ní 2021, ohun tó ń gba fídíò AirPlay gba ilẹ̀kùn 5000, àwọn tó ń kọ Flask sì jí bá àlejò nínú yàrá wọn. Orúkọ náà ní ìjà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti fi `.dev` parí orúkọ iṣẹ́ abẹ́lé wọn, bí ẹni pé kò sí olówó rẹ̀. Google ló ni orúkọ náà. Ní oṣù Kejìlá 2017, búráúsà wọn, Chrome 63, pàṣẹ pé gbogbo ohun tó bá parí sí `.dev` gbọ́dọ̀ gba HTTPS. Sáfà abẹ́lé tí kò ní ìwé ẹ̀rí dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ìwé RFC 2606 ti ya `.test` àti `.localhost` sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí láti oṣù Kẹfà 1999. Àwọn tó kà á kò pọ̀.

Odi ilé ga tó báyìí, ó sì máa ń di wàhálà fún ẹni tó fẹ́ kí ará ìta wọlé. Ẹni tó ń so ìsanwó Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, mọ́ ìkànnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà lè fi ìròyìn ránṣẹ́ pé owó ti wọlé. Ẹ̀rọ wọn kò lè rí 127.0.0.1 ẹlòmíì, bó bá pè é, ara rẹ̀ ló ń pè. Irinṣẹ́ bíi ngrok, tí Alan Shreve gbé jáde ní 2013, ló ń gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ láti ìta wá sẹ́nu ilẹ̀kùn abẹ́lé. Àwọn mìíràn máa ń fi 0.0.0.0 dípò 127.0.0.1 kí fóònù wọn lè rí iṣẹ́ náà lórí Wi-Fi kan náà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà lórí Wi-Fi náà ló rí i pẹ̀lú wọn, títí kan ojú ìwé àṣìṣe tó ń tú àṣírí kóòdù.

Àwọn tó ń kọ Yorùbá pàdé ìṣòro kan níbí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà rí. Sáfà kékeré bíi `http.server` ń fi ojú ìwé ránṣẹ́ láìsọ irú ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ lẹ́tà inú rẹ̀. Lẹ́tà ẹ gba báìtì mẹ́ta nínú UTF-8, ọ̀nà tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1992; bí a bá fi àmì ohùn òkè lé e, ó di márùn-ún. Bí búráúsà bá mú báìtì wọ̀nyí fún ọ̀nà àtijọ́ tó ń jẹ́ Windows-1252, ẹ á di áº¹, ṣ á sì di á¹£, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ta ọ̀rọ̀ náà ní pọ́n-ùn. Ìlà kan, `<meta charset="utf-8">`, lókè fáìlì ló ń wò ó sàn. Ilé ni ó dára kí èèyàn ti rí irú àbùkù yìí.

Ní Yábàá, níbi tí ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ Co-Creation Hub ṣí sí ní 2011, tí ilé-iṣẹ́ Andela sì ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, àǹfààní sáfà abẹ́lé ju ti ilẹ̀ tí iná kì í kú lọ. Bí iná bá lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ, láptọ́ọ̀pù tó ní bátìrì ṣì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ohun tí npm, irinṣẹ́ tí Node fi ń kó kóòdù àwọn ẹlòmíì wọlé, ń wọ́ wá ló ń jẹ dátà. Iṣẹ́ kékeré kan lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì nínú fódà node_modules, tí kò sí ọ̀kan tí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 2016, ẹnì kan yọ ìdì kóòdù kan tó ń jẹ́ left-pad, tí kò ju ìlà 11 lọ, kúrò lórí npm. Káàkiri ayé, àwọn tó ń fi àṣẹ kó ohun èlò wọlé kí wọ́n tó gbé sáfà dìde rí i pé ó kọ̀. Docker, tí Solomon Hykes fi hàn ní 2013, ti gbìyànjú láti di gbogbo ohun tí iṣẹ́ kan nílò sínú àpótí kan kó lè ṣiṣẹ́ bákan náà lórí ẹ̀rọ gbogbo, ṣùgbọ́n àpótí náà wúwo ju fódà lọ.

Láti 2020, ilé-iṣẹ́ bíi GitHub ti ń fi kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn háyà fún àwọn tó ń kọ kóòdù: tẹ́mínà wọn wà nínú búráúsà, localhost wọn sì wà lókè òkun. Ní oṣù Karùn-ún 2021, StackBlitz gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú WebContainers. Wọ́n mú Node wọ inú búráúsà, tó fi jẹ́ pé sáfà, tẹ́mínà àti ojú ìwé tí wọ́n ń wò wà nínú táàbù kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ ẹni tó ń kọ̀wé. Sáfà náà kú nígbà tí wọ́n bá ti táàbù náà pa, kò sì sí bébà kankan tí ẹnikẹ́ni lẹ̀ mọ́ ọn.